Mo fẹ́ máa tẹ fọ́tò fúnra mi nílé, àmọ́ ó ń dúdú, ó ń pọ́n, ó sì ń ràn mọ́ mi lọ́wọ́

Ọmọ Aláró · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, ẹ gbà mí.

Mọ́mì mi máa pé ọgọ́rin ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Fọ́tò wọn tó lé ní igba ló wà lórí fóònù mi: ti ìgbéyàwó àbúrò mi, ti ìkómọ, ti ọjọ́ tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ẹyọ kan kò sí lára ògiri. Ni mo bá ní n kò gbé flash lọ sí lábù mọ́. Mo ra pirínta oníńkì mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n ń bu íńkì sí táǹkì rẹ̀, mo tún ra páálí bébà fọ́tò A4 tó ń dán, ogún ló wà nínú rẹ̀.

Mo ti ba méje jẹ́. Ojú Mọ́mì dúdú bí ẹni jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò tanná sí. Gèlè wọn tó jẹ́ àwọ̀ aró, ó pọ́n bí ẹni fi obì rẹ ẹ́. Mo fi àtàǹpàkò kan irun wọn báyìí, dúdú rẹ̀ bá mi lọ́wọ́ lọ, ó sì ti di ọjọ́ kejì tí mo tẹ̀ ẹ́ o. Fọ́tò yẹn gan-an kò tún mú, ṣe ló rí bàìbàì.

Ṣé ẹ̀rọ ni kò dáa ni, àbí bébà, àbí èmi? Ọkọ mi ti ń fojú kan wò mí láti àná.

Alágbára Ayétòrò · 8:31 alẹ́

Ẹ dá a padà kí ọjọ́ tó lọ lórí rìsíìtì. Ẹ gbé flash yín lọ sí lábù, ẹ jókòó, ẹ gba fọ́tò yín, ẹ máa lọ sílé. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ tó ra ẹ̀rọ yẹn, ó ti di ibi tí wọ́n ń gbé àwo òdòdó lé.

Bàbá Négétíìfù · 9:02 alẹ́

Ọmọ mi, má dá nǹkan kan padà. Inú dákúrúùmù ni èmi ti kọ́ṣẹ́ ní ìlú Òṣogbo yìí, nígbà tí a ń fi iná pupa fọ fọ́tò, tí ọwọ́ wa ń rùn kẹ́míkà títí a fi ń jẹun alẹ́. Ọ̀gá mi máa ń ka bébà tí a bá bà jẹ́. Méje kò tíì tó ohun tí wọ́n ń bínú sí.

Èyí tó ń ràn mọ́ ọ lọ́wọ́ ni kí á kọ́kọ́ mú. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oníńkì mẹ́rin, dúdú kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú mẹ́ta yòókù. Lẹ́búlẹ́bú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí wọ́n pò mọ́ omi ni dúdú yẹn, pigment ni wọ́n ń pè é, lẹ́tà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Àwọn aláwọ̀ mẹ́ta dà bí aró inú ìkòkò, wọ́n yọ́ sínú omi pátápátá. Ìyẹn ni dye. Bébà tó ń dán ní ohun kan lójú tó ń fa íńkì tó yọ́ mu. Lẹ́búlẹ́bú kò ráyè wọ ibẹ̀, orí rẹ̀ ló máa jókòó sí bí àtíkè lórí òógùn. Tí o bá sọ fún ẹ̀rọ pé bébà lásán ni o gbé sí i lẹ́nu, dúdú ti lẹ́tà ló máa dà lé e. Tí o bá sọ pé bébà fọ́tò ni, yóò pa dúdú yẹn tì, yóò fi aláwọ̀ mẹ́ta po dúdú tirẹ̀. Lọ wo ibi tí wọ́n ti ń yan irú bébà lórí kọ̀ǹpútà. N kò rí ọ o, àmọ́ ó dá mi lójú pé Plain Paper ló wà níbẹ̀.

Ti pípọ́n: cyan rẹ, ìyẹn búlúù, ni kò jáde dáadáa. Gbé bébà lásán sí i, má fi ti fọ́tò ṣòfò, kí o tẹ Nozzle Check, ìyẹn àyẹ̀wò ihò tí íńkì ń gbà jáde. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa tẹ̀ jáde, bí àkàbà. Ibi tí àkàbà búlúù bá ti já, ihò ibẹ̀ ti dí tàbí kí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ṣe Head Cleaning, ìyẹn fífọ ihò, lẹ́ẹ̀kan, tún wò ó. Bí kò bá tíì pé, ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, kí o wá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ di òwúrọ̀. Má jókòó tì í kí o ṣe é nígbà mẹ́wàá. Íńkì tó fi ń fọ ihò yẹn, inú fóòmù kan nísàlẹ̀ ẹ̀rọ ló ń dà sí, ọjọ́ tí fóòmù bá kún ni ẹ̀rọ yóò daṣẹ́ sílẹ̀.

Ojú wo ni o sì kọ bébà sí? Fi omi díẹ̀ pa ìka, kan igun rẹ̀. Ojú tó bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ ni ojú fọ́tò.

Ọmọ Aláró · 9:20 alẹ́

Ẹ̀rù bà mí. Plain Paper ni lóòótọ́! N kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń yan nǹkan níbẹ̀, mo kàn ń tẹ Print ni.

Akọ̀wé Òkè-Fìà · 9:47 alẹ́

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú ti bàìbàì.

Mọ̀dámú, ibo lẹ ti rí fọ́tò yẹn? Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ti tán lára rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Pixel ni wọ́n fi ń hun fọ́tò bí wọ́n ṣe ń fi òwú hun òfì. Fóònù tó jẹ́ megapixel 12 máa ń yà á ní 4000 sí 3000. WhatsApp máa ń rẹ́ apá gígùn rẹ̀ wá sí bíi 1600, tí ẹni tó fi ránṣẹ́ kò bá yí nǹkan kan padà. A4 gùn ní ínṣì 11.7. Ẹ pín 1600 sí i, bíi 137 ni yóò kan ínṣì kan. 300 la ń wá. Àmọ́ 4000 lórí A4 kan náà, ó lé ní 340, ó ti tó, ó tún ṣẹ́kù.

Torí náà, ẹ ní kí ẹni tó yà á tún un fi ránṣẹ́, kó yan Document dípò fọ́tò. Bí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ẹ tẹ ìyẹn sórí 4×6. 1600 tí a pín sí ínṣì mẹ́fà, ó lé ní 260. Ojú kankan kò ní mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan sì lè sọ fún yín pé kí ẹ kàn wọnú kọ̀ǹpútà lọ yí nọ́ńbà pixel inú ínṣì kan padà láti 72 sí 300. Ẹ má dá a lóhùn. Òwú kò pọ̀ sí i, nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ aṣọ ni wọ́n yí.

Bàbá Négétíìfù · 9:58 alẹ́

Akọ̀wé, o ṣeun, àmọ́ má fi 300 dẹ́rù bà á. Fọ́tò tí a ń mú sọ́wọ́ wò ni 300 wà fún. Èyí tí a ó gbé kọ́ sókè àga ní pálọ̀, tí ẹni tó súnmọ́ ọn jù yóò dúró sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, 150 tó o dáadáa. Pátákó ńlá tí ẹ ń rí lójú títì, ẹ gun òkè lọ wò ó nítòsí, ẹ ó rí i pé tótòtó ni.

Ọ̀gá Tíṣẹ́ẹ̀tì · 10:11 alẹ́

Gbogbo ìwé yìí! Íńkì tó bá ẹ̀rọ wá ni kò lágbára. Ẹ fà á dànù, ẹ ra íńkì sublimation, kò wọ́n, ó wà lọ́jà, òun ni gbogbo àwa tí a ń fi tẹ nǹkan jẹun ń lò. Àwọ̀ rẹ̀ ń pariwo.

Ìyá Kọ́ọ̀pù · 10:19 alẹ́

Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti iṣẹ́ wa ba tàwọn ẹlòmíràn jẹ́. Kọ́ọ̀pù àti tíṣẹ́ẹ̀tì lèmi náà ń tẹ̀. Orí bébà, ṣe ni sublimation ń ṣú bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ ní àfọ̀ọ̀fọ̀tán. Inú ooru ẹ̀rọ ìlọ̀ ló ti ń jí, ní bíi 190 sí 200 °C, kó tó di atẹ́gùn wọnú poliẹ́sítà tàbí ohun tí wọ́n fi kun kọ́ọ̀pù. Ògiri pálọ̀ arábìnrin yìí kì í ṣe kọ́ọ̀pù. Tó bá sì ti dà á sí táǹkì, kò rọrùn láti fọ̀ ọ́ kúrò nínú ọ̀pá àti orí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ mi kan wà nílé tó kú báyẹn.

Íńkì tó bá ẹ̀rọ mu ni kẹ́ ẹ máa rà, mà. Ẹ má da oríṣi méjì pọ̀ sójú táǹkì kan náà, ó máa ń dì.

Ọ̀gá Tíṣẹ́ẹ̀tì · 10:25 alẹ́

Ó dáa, mo ti gbọ́. Èmi rò pé ohun kan náà ni.

Ọmọ Òròkí · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Sublimation mìíràn wà tó jẹ́ ti fọ́tò pọ́ńbélé, kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú. Pirínta kékeré Canon SELPHY CP1500 lèmi ní. Kò ní omi íńkì kankan, ríbọ́ọ̀nù ló ń lò. Á fa bébà wọlé fún yẹ́lò, á tì í jáde, á tún fà á wọlé fún magenta, ìyẹn pupa, lẹ́yìn náà cyan, ẹ̀ẹ̀kẹrin ló máa fi ìbòrí kan tí kò ní àwọ̀ dé e lójú. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti máa wò ó. Mo gbé e lọ sí ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ tó kọjá, mò ń ya àwọn àlejò, mò ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn lójú ẹsẹ̀. Òjò kán sórí ọ̀kan, mo nù ún mọ́ ṣòkòtò, kò ṣe nǹkan kan.

Nǹkan méjì ni kò jẹ́ kí n sọ pé kẹ́ ẹ rà á. Kò lè tẹ̀ ju ìwọ̀n káàdì lọ, bíi 4×6. Ìkejì, ríbọ́ọ̀nù àti bébà jọ ń wá ni: páálí 108, fọ́tò 108, ì báà jẹ́ òfuurufú lásán ni ẹ tẹ̀, ó ti jẹ ìpín rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí mo rí kọ́ níbẹ̀. Gbogbo èèyàn wọ funfun lọ́jọ́ yẹn. Kò sí funfun nínú íńkì wa, bébà fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́ funfun. Tí oòrùn bá ti fọ́ aṣọ funfun lójú kámẹ́rà, ibẹ̀ á ṣófo lórí fọ́tò bí ibi tí eku jẹ. Ẹ din ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yà á, ẹ ó rí ihò lééṣì.

Ìyàwó Àkáǹtì · 7:15 àárọ̀

Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ owó. N kò ní dá iye kankan, torí iye tí mo bá kọ lónìí lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àmọ́ oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi kọ ti wa sílẹ̀. Ẹ ṣírò bébà tó bà jẹ́ mọ́ ọn, ẹ ṣírò íńkì tí wọ́n fi fọ ihò mọ́ ọn. Tí igba fọ́tò lẹ fẹ́ lẹ́ẹ̀kan fún ìnáwó, lábù, kò sí àríyànjiyàn, Alágbára kò parọ́. Tí ẹ ó bá máa tẹ méjì mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ nílé. Ìṣòro ni ẹni tó wà láàrin: ó tẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì, ó tún di Àjíǹde. Ọyẹ́ á ti gbẹ íńkì mọ́ ihò.

Alágbára Ayétòrò · 7:22 àárọ̀

Ẹ ṣeun o, ẹnì kan rí òtítọ́ níkẹyìn.

Ìyàwó Àkáǹtì · 7:24 àárọ̀

Ẹ dúró ná, n kò tíì parí. Lábù kan wà tí mo gbé fọ́tò ìyá ọkọ mi lọ, wọ́n fi kọ̀ǹpútà bó wọn láwọ̀ láìbéèrè. Wọ́n funfun bí ẹ̀fun. Ìdí tí mo fi ra tèmi nìyẹn. Fọ́tò kan lọ́sẹ̀ ni mò ń tẹ̀, ì báà jẹ́ ti òdòdó, kí ihò má bàa dí.

Onífọ́tò Kékeré · 12:05 ọ̀sán

Ìyẹn ló gbé mi dé orí dúdú tí Mọ̀dámú Ọmọ Aláró ń sọ, tí kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ẹ wo ojú fóònù yín. Ìmọ́lẹ̀ ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Bébà kò ní iná lẹ́yìn. Tí ẹ bá ń tún fọ́tò ṣe lóru, tí iná fóònù ń tàn yòò, Mọ́mì á mọ́lẹ̀ rekete lójú yín, àmọ́ ẹ ti ń tẹ òkùnkùn jáde. Ẹ rẹ iná fóònù tàbí kọ̀ǹpútà sílẹ̀ títí funfun rẹ̀ á fi jọ bébà funfun tí ẹ bá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọ̀ ara tiwa tún ń fẹ́ sùúrù. Èèyàn dúdú, inú òjìji ni gbogbo ẹwà rẹ̀ wà: ìlà ojú, ìsàlẹ̀ gèlè, ẹ̀gbẹ́ imú. Íńkì fẹ́ràn láti gbé ibẹ̀ mì. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo gé bébà A4 kan sí mẹ́rin. Mo gé ojú nìkan nínú fọ́tò, mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà sórí ẹ̀là kan. Mo wá gbé Shadows, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń mú òjìji mọ́lẹ̀, sókè ní 10, mo tẹ̀ ẹ́ sórí èkejì. 20 sórí ẹ̀kẹta. 30 sórí ẹ̀kẹrin. Mo kọ nọ́ńbà sẹ́yìn wọn. Mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ, mo gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sábẹ́ ìbòòji ní ojúmọmọ, mo wá pe ẹni tó mọ ẹni tó wà nínú fọ́tò kó yan èyí tó jọ ọ́. Má yàn án fúnra rẹ, ojú ti sú ọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, 20 ni wọ́n ń yàn. Bébà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ná mi.

Ẹ tún ṣọ́ gèlè o. Fọ́tò fóònù, 4 sí 3 ló máa ń jẹ́. 4×6 gùn jù ú lọ, A4 náà gùn jù ú lọ díẹ̀. Tí ẹ bá yan Borderless, ìyẹn títẹ̀ láìfi etí funfun sílẹ̀, ẹ̀rọ á tún fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó lè kún etí, á wá gé ohun tó bá rí. Ẹ fúnra yín gé e kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí i, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á gé gèlè Mọ́mì kù sí ìdajì.

Ọmọ Aláró · Ọjọ́bọ̀, 9:33 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ gbogbo yín. Ẹ wá gbọ́ o.

Àkàbà búlúù já níbi mẹ́ta. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sùn. Ní òwúrọ̀, ó kù ẹyọ kan. Mo tún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó pé. Mo yan bébà tó ń dán lórí kọ̀ǹpútà, mo rẹ iná sílẹ̀, àbúrò mi tún fọ́tò fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn bíi Document. Mo gé ẹ̀là mẹ́rin bí Onífọ́tò ṣe wí. Ọkọ mi yan 20. Ọmọ mi yan 30. Mọ́mì fúnra wọn gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n tún un wọ̀, wọ́n ní, "Ta ni arúgbó yìí?" Wọ́n wá mú 20.

Gèlè náà búlúù rokoṣo. Bébà mẹ́wàá ló kù nínú páálí.

Ní báyìí, mo fẹ́ gbé e kọ́. Ṣé kí n láámínéètì rẹ̀ ni? Ìbéèrè kejì: Mọ́mì ní ti Dádì ńkọ́. Ẹyọ kan la ní, ó ti wà nínú férémù kó tó di pé wọ́n bí mi, ó sì ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì.

Alágbára Ayétòrò · 9:40 alẹ́

Ẹ láámínéètì rẹ̀. Omi kò ní wọ̀ ọ́.

Bàbá Négétíìfù · 9:55 alẹ́

Tó bá gbẹ dénú, láámínéètì kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kò lè yọ ọ́ mọ́ láéláé, iná gílóòbù á sì máa dán lójú rẹ̀. Férémù ló wù mí. Fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí o tó gbé e sínú gíláàsì, torí omi inú íńkì ṣì ń jáde lára rẹ̀, inú gíláàsì á ṣú bí ojú fèrèsé nígbà òjò. Kí o sì gé páálí tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí rẹ̀ ká kó la àárín òun àti gíláàsì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti Dádì rẹ nìyẹn, wọ́n tò wọ́n mọ́ra, ọ̀rinrin wọlé, ojú fọ́tò di àtè.

Má ṣí i kúrò. Ojú wọn á bá gíláàsì lọ.

Akọ̀wé Òkè-Fìà · 10:02 alẹ́

Tí ẹ̀rọ yín bá ní ibi ìṣèdà lórí, ìyẹn scanner, ẹ gbé e lé e pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀, kí ẹ fi 600 pixel sí ínṣì kan ṣe é. Fọ́tò tó fẹ̀ ní ínṣì mẹ́ta á di 1800, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì.

Bàbá Négétíìfù · 10:10 alẹ́

Tí kò bá sí gíláàsì lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tòde òní, ohun tó kàn wọ́n lójú nìkan ni wọ́n ń rí kedere; gíláàsì yẹn á gbé Dádì jìnnà sí i, á ṣe bàìbàì. Yọ igi férémù kúrò, fi gíláàsì àti fọ́tò sílẹ̀ pọ̀. Tẹ́ ẹ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Pa iná flash fóònù rẹ. Da aṣọ dúdú bo ara rẹ àti ọwọ́ rẹ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìwọ ni a ó rí nínú gíláàsì. Dúró tààrà sókè rẹ̀, ya á ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, fi èyí tó mú jù ṣọwọ́ sí mi bíi Document, n ó bá ọ wò ó.

Ọmọ Aláró · 10:14 alẹ́

Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti ń wá aṣọ dúdú.

Alágbára Ayétòrò · 10:31 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ wo gan-an lẹ rà? Ìyàwó mi ló ń béèrè.